Òòlù Tó Sùn Lórí Òkúta

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí apá òsì mi, nítorí ibẹ̀ ni mo máa ń na ọwọ́ sí tí ìtàn bá gbóná, mo sì ti fi bẹ́ẹ̀ gbá àna mi nímú rí. Èmi arúgbó tí ẹ ń wò yìí, tí mò ń bẹ ọmọdé kó bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọdẹ ni mí. Ẹfọ̀n mọ orúkọ mi. Ìkookò tó bá gbọ́ ikọ́ mi, á rántí pé òun ní ìyàwó nílé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde kí n wo bó ṣe ga tó.

Ó dáa. Nígbà tí kò sí ẹni tó dìde, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ìwà òmùgọ̀ mi, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Nínú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni amọ̀nà. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n mú àwọn alágbẹ̀dẹ kan la Igbó Àìsùn já. Nígbà tí a dé oríta, mo mọ̀ pé ọ̀tún ni ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n bí òkèlè ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun. Olórí àwọn alágbẹ̀dẹ na òòlù sí òsì, ó ní, "Ìyá Ọdẹ, ibí kọ́?" Kí ni èmi amọ̀nà, èmi ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ tó ń dẹ́rù ba ẹkùn, wá sọ? Mo ní, "Ibẹ̀ ni, Baba." Nítorí kí ni? Nítorí pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti yin ọbẹ̀ mi.

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, èmi náà ti rín in títí ó fi di ikọ́ sí mi láyà. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ìlọ̀rí ni, alágbẹ̀dẹ tó ń lu òòlù apá ọ̀tún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún mi nígbà tó yá, nítorí náà tí mo bá sọ ohun tó rò, ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní ìgbà náà, igi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọ ìlú Òkè-Èédú. Ẹ má rò pé òwe ni mò ń pa. Igi ń rìn. Ọkùnrin kan sùn ti ìyàwó rẹ̀, ó jí ti àràbà. Ẹni tó kúrò lóko lọ mu omi lódò, kó tó padà dé, ebè iṣu rẹ̀ ti wà lábẹ́ igbó kìjikìji. Ìdènà irin tí ọba iwin tó ni igbó náà fi ń há ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ ló ti ṣẹ́. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí, ó ń padé, ó ń ṣí, ó ń padé, ọba iwin ò rí oorun sùn. Bí onígbó ò bá sì sùn, igbó ò lè dúró jẹ́ẹ́. Ló bá ránṣẹ́ sí àgbẹ̀dẹ Òkè-Èédú pé kí wọ́n wá rọ ìdènà irin tuntun fún òun. Tí wọ́n bá rọ ọ́ ire, igi á dúró síbi tó bá dé. Tí wọ́n bá bà á jẹ́, àwọn fúnra wọn ni yóò máa fi èjìká di ilẹ̀kùn náà mú títí ayé, igi á sì máa rìn lọ.

Ilé tó kàn níwájú igi ni ilé tí wọ́n bí Ìlọ̀rí sí. Gbòǹgbò ìrókò kan ti yọ lára ògiri yàrá ìyá rẹ̀, bí ìka ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sábẹ́ ibùsùn. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti rọ, kò lè rìn. Wọ́n fẹ́ gbé e kúrò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò sá fún orogún, ṣé igi ni òun yóò wá sá fún? Báyìí ni Ìlọ̀rí ṣe gbé òòlù ńlá rẹ̀ kọ́ èjìká, tó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé kí gbòǹgbò náà jọ̀wọ́ rọra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní àgbẹ̀dẹ wọn, torí ibẹ̀ ni egungun ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọ̀gá ló ń mú òòlù kékeré. Ibi tó bá fi kan irin gbígbóná lórí òkúta àgbẹ̀dẹ, ibẹ̀ ni àwọn olóòlù ńlá yóò lù. Kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í fèsì. Òòlù kékeré á dún kín, òòlù ńlá á dáhùn gbì, gbì. Èèwọ̀ ni kí èèyàn la ẹnu níwájú irin tó pọ́n, wọ́n ní iná tó ń ta yóò kó sí i lọ́fun. Ìyẹn náà dáa. Kí irin tó wọná ńkọ́? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, wọ́n á ní ó ń fi ẹnu burúkú ṣáájú iṣẹ́. Tí iṣẹ́ bá wá parí ńkọ́? Wọ́n á ní, nígbà tí à ń ṣe é, ṣé o ò sí níbẹ̀ ni? Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi wá àkókò tí èèyàn lè sọ nínú àgbẹ̀dẹ yẹn pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Èmi wá a títí, n ò rí i. Ilé tí kò ní fèrèsé, ojú onílé ni èéfín rẹ̀ ń wọ̀.

Ọ̀gá wọn, Baba Ògúnṣakin, kì í ṣe ìkà. Ká ní ìkà ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Èèyàn rere ni. Òun ló kọ́ Ìlọ̀rí níṣẹ́, òun ló bá a san owó ìdána ìyàwó rẹ̀. Ẹnì kejì tó ń lu òòlù apá òsì ń jẹ́ Láwuyì. Ẹnu Láwuyì kì í sinmi lẹ́yìn ọ̀gá, kì í sì í ṣí lójú ọ̀gá. Àwọn mẹ́ta yìí pẹ̀lú èmi la jọ wọ igbó lọ, tí mo sì sọ pé "Ibẹ̀ ni, Baba," tí àwọn méjèèjì tí ẹsẹ̀ wọn náà ti ń fà sí ọ̀tún sì mi orí bí alángbá.

Ọ̀nà òsì já sí àbàtà. Létí àbàtà náà, iwin kan jókòó tó kọ ẹ̀yìn sí wa, ìpàkọ́ rẹ̀ sì kí wa káàbọ̀. Ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Mo ti rí iwin olójú mẹ́fà, mo ti rí èyí tó ń fi etí fò, àmọ́ ti ẹlẹ́nu-ìpàkọ́ yìí bà mí lẹ́rù díẹ̀, torí mi ò mọ ibi tí ǹ bá kọjú sí kí n fi kúnlẹ̀ kí i. Ó pàlọ́ fún wa. Ó ní kí ni a rù wọgbó òun tí kò sí nínú ẹrù wa? Láwuyì ní ebi ni. Èmi ní ọjọ́ orí ni. Baba ní ọgbọ́n ni. Ìpàkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa kọjá, pé ẹrẹ̀ yóò dá wa lóhùn.

Baba ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ẹ wò ó, àgbàlagbà tó sanra tó báyẹn ń rìn lórí ẹrẹ̀ bí lékèélékèé, etí ṣòkòtò rẹ̀ pàápàá ò tutù. Èmi gbé ẹsẹ̀ kan sí i, mo rì dé ìdí, ìdí mi sì rèé, ẹ̀ ń wò ó, kì í ṣe ìdí tí ẹrẹ̀ lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Láwuyì rì ní apá kan, ó dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dànù. Ìlọ̀rí ńkọ́? Ó rì dé àyà, ó rì dé ọrùn. Bí Baba ṣe ń pè é pé kó yára, bẹ́ẹ̀ ló ń rì sí i. Ìgbà tí ẹrẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀ ni àlọ́ náà tó yé e. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì ló wúwo. Èyí tí Láwuyì ti ń tú jáde lẹ́yìn ọ̀gá ló jẹ́ kí apá kan rẹ̀ fúyẹ́. Baba ní tirẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ kankan mì rí láyé rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn bí ìyẹ́.

Ìlọ̀rí ní, "Baba, ọ̀tún ni ọ̀nà."

Ẹrẹ̀ pọ̀ ọ́ sókè dé orúnkún. Baba yíjú padà, ó bi í léèrè ìgbà tó ti mọ̀. Ìlọ̀rí ní láti oríta ni. Ojú Baba le. Ó ní, "Ìgbà tí a dé ẹrẹ̀ tán ni o wá rí ẹnu?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìlọ̀rí ju ẹrẹ̀ lọ. Ó ro nínú ara rẹ̀ pé tóun bá sọ ọ́ ní oríta, wọ́n á ní òun ń fi ẹnu ba ìrìn jẹ́. Èmi náà yára sọ tèmi, pé mo mọ ọ̀nà, pé ọbẹ̀ tí wọ́n yìn ló dí mi lẹ́nu, ìdí mi sì yọ ṣàpọ̀ bí iṣu tí wọ́n fà yọ. Ìtìjú bá mi, àmọ́ mo jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: orúnkún ni Ìlọ̀rí yọ dé, kò yọ tán. Ńṣe ni a fi okùn fa òun àti Láwuyì dé bèbè. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níkùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá, kò sì jẹ́ sọ ọ́.

A padà sí ọ̀tún. Igi ń kọjá lára wa bí èrò tó ń re ọjà, wọ́n ń fi èjìká gbá wa, kò sí èyí tó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ìrókò kan tẹ ìró mi mọ́lẹ̀, mo bá a fà á, ó ya, ìlàjì ìró ni mo sán dé ààfin ọba iwin. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìlàjì ìró yẹn, ọ̀pọ̀ iwin ló fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ̀ mí nítorí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni Ìlọ̀rí ń ka igi tó ń lọ sí ọ̀nà ìlú wọn, tó ń wò ó bóyá èyí ni yóò dé orí ìyá òun.

Ọba iwin jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn tó já láti orí ọ̀pẹ. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń padé. Àwọn èèyàn kan to ara wọn tì í, wọ́n fi èjìká dí i, kò gbà. Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn, láti ìlú mìíràn, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, tí wọ́n ti ba irin jẹ́ ṣáájú wa. Awọ ti hù bo ẹnu wọn, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Ojú wọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọba iwin fún wa ní irin kan ṣoṣo tó já láti ojú ọ̀run, ó ní kò sí òmíràn.

Wọ́n fín iná, irin pọ́n, Baba mú òòlù kékeré. Kín. Gbì, gbì. Kín. Gbì, gbì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ìrù ajá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà níkùn Ìlọ̀rí nìyí. Ojú Baba ti ń kú. Ó ti pẹ́ tí òòlù kékeré kì í ti í bọ́ sí ibi tó yẹ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ìlọ̀rí kò sọ ọ́, ńṣe ló ń tún un ṣe. Baba á kàn án níbí, òun á lu ọ̀hún, ọkọ́ á jáde dáadáa, àwọn èèyàn á sì yin Baba. Ó rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí irin ti ń lọ́, ó gbé ojú sókè wo òòlù Láwuyì, ó sì rí i pé òòlù Láwuyì náà kò bọ́ sí ibi tí Baba kàn. Láwuyì náà ń tún un ṣe, sí apá tirẹ̀. Kálukú wọn ti rò pé òun nìkan ni. Àwọn méjì ń bo àṣírí ẹnì kan, àwọn méjèèjì ló sì ń fa irin ya.

Ó rò ó pé kí òun dákẹ́, kí òun lù ú síbi tí Láwuyì ń lù. Ó rí àwọn tí awọ bo ẹnu wọn. Ó rí gbòǹgbò nínú yàrá ìyá rẹ̀. Ló bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe: ó gbé òòlù ńlá sùn lórí òkúta. Ní ilẹ̀ wọn, ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ bá kú nìkan ni òòlù rẹ̀ ń sùn síbẹ̀.

Baba gbọ́ ìró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó ní, "Ta ló kú?"

Ìlọ̀rí ní, "Kò sí ẹni tó kú, Baba. Ojú yín ni. Ó ti pẹ́ tí ẹ ò ti rí ibi tí ẹ̀ ń kàn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti dúró níwájú erin abiyamọ, ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Irin ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Baba yíjú sí Láwuyì, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Láwuyì, ẹnu-kì-í-sinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ojú Baba mọ́ ju ti ẹyẹ àwòdì lọ. Kò tíì sọ ọ́ tán tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní igun ètè rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó mọ ohun tó jẹ́. Ó wá ń yára sọ ọ́ bí ẹni tó ń sá fún òjò: òótọ́ ni, Baba, àdá tí ẹ rọ fún bàbá mi, èmi ni mo tún un rọ lẹ́yìn yín, ẹ dákun, ẹ má bínú. Awọ náà bọ́. Èmi tí wọn ò bi léèrè náà là á sọ, pé láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, ewúrẹ́ mi ni Baba kọ́kọ́ kí pé, "Ìyá Ọdẹ, ẹ kú ìmúra," kó tó kí mi.

Baba jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Ẹyin tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ti rà." Mo rò pé yóò ṣépè. Ńṣe ló na ọwọ́. "Ìlọ̀rí, ibo ni ìwọ ń lù?"

Ìlọ̀rí ní apá ọ̀tún, ibi tó nípọn.

Baba ní, "Ìwọ náà ṣì í. Ojú mi ló kú, etí mi ò kú. Ibẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ti sán. Inú rẹ̀ ṣófo. Lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò là."

Ìlọ̀rí ní kò lè ṣófo, ó dán, ó jọ̀lọ̀. Baba ní dídán kọ́ ni inú kíkún, ṣé kò mọ ọ̀pọ̀ èèyàn ni? Ìlọ̀rí ní bí wọn ò bá lu ibẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ́? Láwuyì ní àwọn méjèèjì ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé láti apá òsì ni ó ti ń lọ́. Ohùn ga. Mo di ìbọn mi mú, torí mo mọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń já sí láàárín ọkùnrin. Ìgbà tí mo wò wọ́n dáadáa, mo rí ohun tí n ò rí rí: kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì nínú wọn. Irin ni gbogbo wọn ń wò. Irin ni wọ́n ń bá jà.

Láti inú ìjà yẹn ni ọ̀nà ti yọ. Wọ́n dá irin padà sínú iná. Ìlọ̀rí gba òòlù kékeré, ó ń fojú wo ibi tó yẹ, ó sì ń kàn án. Láwuyì ń lù ú. Baba tẹ etí sílẹ̀, tó bá gbọ́ ibi tó ṣófo, á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á dúró, wọ́n á tún jiyàn. Wọ́n ká irin náà lé ara rẹ̀, wọ́n lu òfìfo inú rẹ̀ jáde, ó pariwo bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ìdènà náà jáde, ó tọ́. Wọ́n fi há ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn padé, kò ṣí mọ́. Ọba iwin la ẹnu láti dúpẹ́, oorun gbé e lọ láàárín ọ̀rọ̀, ó ń hanrun. Awọ bọ́ lẹ́nu àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti ń fi èjìká di ilẹ̀kùn mú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé kò ní tọ́." Ibẹ̀ ni a fi wọ́n sí.

Baba kò bá Ìlọ̀rí sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òótọ́ kì í dunni. Ní Òkè-Èédú, gbogbo igi ti dúró síbi tó dé. Gbòǹgbò ìrókò ti na ara rẹ̀ kọjá lókè orí ìyá Ìlọ̀rí, ó sì dúró síbẹ̀, kò kàn án. Ìyá náà ti sá ìró sí i. Ó ní kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi pẹ́ tó báyìí.

Lọ́jọ́ ọjà, Baba wá sí àgbẹ̀dẹ, ó jókòó sídìí ẹwìrì tí wọ́n fi ń fín iná, ó fi òòlù kékeré lé Ìlọ̀rí lọ́wọ́. Ó ní kì í ṣe pé ó sọ ọ́ ló dun òun, pé ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ ni. Àwọn méjèèjì wá fi òfin kan lélẹ̀: kí irin tó wọná, gbogbo òòlù á kọ́kọ́ sùn lórí òkúta, ẹni tó kéré jù á kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, ọ̀gá á sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, kó tó di pé kálukú gbé òòlù rẹ̀. Tí irin bá sì ń pọ́n lọ́wọ́ tí nǹkan ò dáa, ẹnikẹ́ni lè gbé òòlù rẹ̀ sùn, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ta ló kú. Ọkọ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú míì ń rìn wá rà á.

Ọdún gorí ọdún. Ìlọ̀rí di ọ̀gá tí wọ́n ń yìn. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ tuntun, ọ̀dọ́ tó mọ̀wàáhù, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan láti pọ́n ọ̀bẹ mi. Kín, òòlù kékeré. Gbì, gbì. Iṣẹ́ ń lọ geere, kò sí ẹni tó ń jiyàn, ẹni tó bá rí wọn á ní, àgbẹ̀dẹ nìyí. Baba Ògúnṣakin, tí ojú rẹ̀ ti kú pátápátá, jókòó sídìí ẹwìrì, ó ń fín iná. Ló bá dá ẹwìrì dúró. Ó tẹ etí sílẹ̀.

Ó ní, "Ìlọ̀rí, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òòlù tó sùn lórí òkúta. Ṣé o kì í ṣì í kàn ni, àbí àwọn ọmọ yìí ti ń bá ọ tún un ṣe?"